Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama: Ta Ní Ń Ka Àròkọ Àwọn Ọmọ Wa Kí WAEC Tó Kà Á?

Sí Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama, ANCOPSS, ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí ń wọ ọ́fíìsì yín kì í ṣe ẹyọ kan, pé ti ìjọba, ti òbí àti ti olùkọ́ tí ń béèrè ṣọ́ọ̀kì ló ń tọ̀ yín wá lójoojúmọ́, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Olùkọ́ èdè ni mí ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ni mò ń kọ́ lọ́sàn-án. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà tí wọ́n fẹ́ tún GCE ṣe, télọ̀, awakọ̀, ìyá ọlọ́mọ, ni wọ́n máa ń jókòó síwájú mi. Ohun kan náà ni mò ń rí lọ́wọ́ ọmọdé àti àgbà wọn, òun ni mo sì bá wá: wọn kì í kọ àròkọ tó, èyí tí wọ́n bá sì kọ, kò sí ẹni tó ń kà á fún wọn kí wọ́n lè tún un kọ, títí wọn yóò fi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lọ bá ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. WAEC kọ́kọ́ gbé èsì jáde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, gbogbo ìlú sì hó yeye. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe máàkì ìbéèrè objective, èyí tí ọmọ kàn ń yan ìdáhùn nínú rẹ̀, wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96, ariwo sì rọlẹ̀. Ọkàn tèmi kò rọlẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe yẹn, ó ṣì ju ọmọ kan lọ nínú mẹ́ta tí kò ní ohun tí yunifásítì ń béèrè, objective ni wọ́n sì tún ṣe, kì í ṣe àròkọ. Ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé wà bó ṣe wà. Àwọn kan yóò ní ẹ̀bi WAEC ni, pé ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìwé kejì Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ dé débi pé iná tọ́ọ̀ṣì àti iná fóònù ni àwọn ọmọ fi kọ ọ́ ní ibòmíràn. Òótọ́ ni, ó sì burú jáì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ní àròkọ kíkọ, bí wọ́n gbé ìwé náà fún un lọ́sàn-án gangan, kò ní mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìdánwò náà ń béèrè, nítorí ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ lè dé SS3 kó má mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé kejì Gẹ̀ẹ́sì yìí, 100 máàkì ló wà nílẹ̀. Àkàyé kó 20, samárì kó 30, àròkọ nìkan kó 50. Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ń gbé síwájú ọmọ ní abala àròkọ, ẹyọ kan ni yóò yàn, ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n ní kó lò, ohun tí yóò kọ kò sì gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀. Wọ́n wá pín 50 máàkì náà sí mẹ́rin: kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò ní 10, ìlò èdè ní 20, àìṣàṣìṣe nínú sípẹ́lì, gírámà, kọ́mà àti fúlúsítọ́ọ̀pù ní 10. Ní abala tó kẹ́yìn yìí, ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọmọ tó bá ṣe ogún àṣìṣe ti fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tanná. Ogún àṣìṣe nínú 450 ọ̀rọ̀ kò sì tó nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì kọ ojú ewé méjì tó so kọ́ra láti ìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe yìí ni gbogbo wa máa ń dojú kọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣòroó tún ṣe jù láàárín ọdún kan. Ẹ wo 20 máàkì tó wà fún kókó ọ̀rọ̀ àti ètò. Wọn kò béèrè Gẹ̀ẹ́sì ńlá. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ọmọ mọ ohun tó fẹ́ sọ, kó mọ èyí tó yẹ kó ṣíwájú, kó sì fi ìdí èyí tó bá sọ múlẹ̀. Níbẹ̀ ni mo rò pé a ti ń pàdánù jù lọ, níbẹ̀ náà sì ni olùkọ́ tó bá múra lè ti tètè rí èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé ọmọbìnrin kan ní SS3 wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ìbéèrè ní kó kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ ládùúgbò. Gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ni “I am very happy to write you this letter and I hope it will meet you in good health”, bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ̀wé sí àbúrò ìyá rẹ̀ ní Kánò. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló kọ tó fi dé ìsàlẹ̀ ìwé: ọ̀nà kò dára, iná kò sí, olè pọ̀, ọ̀nà kò dára, ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ìwé àwòkọ kan tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló ti há gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn sórí, gbogbo kíláàsì rẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n.

Mo pa ìwé náà dé, mo sì bi í léèrè ní Yorùbá pé ta ló ń gba ọ̀nà yìí, kí ló sì ń ṣe wọ́n níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là. Ó ní ọlọ́kadà ti sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyá òun tó ń ta tòmátì ń da apẹ̀rẹ̀ kan nù lọ́sẹ̀ nítorí mọ́tò kì í wọlé mọ́, alábàárù ló ń fi orí rù ú láti títì. Ó ní lóru ọjọ́ kan, orí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni wọ́n gbé aláboyún kan lé jáde. Mo ní kí ló dé tí kò kọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò mọ̀ pé irú ẹ̀ ni wọ́n fẹ́.” Ó rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ni WAEC ń wá, pé ohun tí ojú òun rí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé lọ síwájú aṣèdánwò.

A wá kọ ohun mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ ní Yorùbá: owó ọkọ̀, ọjà tó ń bàjẹ́, aláìsàn, ohun tí a fẹ́ kí alága ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìpínrọ̀ kan. Mo rán an létí pé lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ni èyí, àdírẹ́ẹ̀sì méjì ló ní, déètì, ìkíni, àkọlé, àti ìparí tí ó gba ìbuwọ́lùwé àti orúkọ ní kíkún, pé ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé máàkì ètò. Nígbà tó tún un kọ, àṣìṣe gírámà rẹ̀ kò dín ju díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ti di lẹ́tà, alága tó bá sì kà á yóò mọ ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ pàtàkì mú. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, olùkọ́ Yorùbá ń kọ́ ọmọ ní àròkọ aláríyànjiyàn, àròkọ oníròyìn, àròkọ aṣàpèjúwe, lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti àìgbẹ̀fẹ́. Ó ń kọ́ wọn ní ìlapa èrò, ìfáàrà àti ìgúnlẹ̀. Ní yàrá kejì, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ àwọn ọmọ yìí kan náà ní nǹkan wọ̀nyí kan náà. Àwọn olùkọ́ méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ọmọ sì rò pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ti rí ọmọ tó ń kọ àròkọ aláríyànjiyàn tó dán mọ́rán ní Yorùbá, tí yóò gbé ẹ̀rí kalẹ̀, tí yóò dá alátakò lóhùn, àmọ́ tó bá kan Gẹ̀ẹ́sì, yóò kàn to gbólóhùn léra bí ẹni tí kò mú àbá kankan wá. Kí ló dé tí olùkọ́ méjèèjì kò lè fún wọn ní àkòrí kan náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ìlapa èrò jẹ́ ẹyọ kan, kí wọ́n wá kọ ọ́ ní èdè méjèèjì?

Ẹ má rò pé ìmọ̀ràn tuntun ni mo gbé dé. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ kékeré ni tiwọn, ọmọ ńlá ni tiwa, iṣẹ́ méjèèjì kò sì rí bákan náà. N kò sọ pé kí a fi Yorùbá kọ́ wọn ní ohun gbogbo ní SS3. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tó bá ti fi èdè tó gbọ́ yékéyéké to èrò rẹ̀ kò tún ní máa fi ìṣẹ́jú 50 wá ohun tí yóò sọ àti ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò fún un, ó yẹ kí olùkọ́ kìlọ̀ ìyẹn fún un: ìlapa èrò ni kó kọ ní Yorùbá, gbólóhùn ni kó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

N kò fẹ́ kí olùkọ́ kankan ka lẹ́tà yìí kó rò pé òun ni mò ń bú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kíláàsì mẹ́ta, tí ọmọ 70 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìwé 210 láti kà. Bó bá lo ìṣẹ́jú mẹ́fà péré lórí ìwé kan, wákàtí 21 ni yóò fi jókòó tì wọ́n. Kò sí ẹ̀dá tó lè ṣe ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àròkọ kan tàbí méjì ní táàmù ni ọmọ ń kọ, tí olùkọ́ yóò fi bírò pupa fa igi sábẹ́ rẹ̀, tí yóò kọ “Fair”, tí ọmọ yóò wo “Fair” tí yóò sì ṣí ojú ewé tuntun. Fair kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ohun tó ṣeé ṣe wà. Kí gbogbo kíláàsì máa kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ gba ìwé mẹ́wàá péré nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ méje, yóò ti ká gbogbo àwọn 70 náà, ìwé 30 lọ́sẹ̀ sì jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Kí àwọn yòókù pààrọ̀ ìwé láàárín ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ka ti ẹnìkejì rẹ̀, kó sì dáhùn ohun méjì sí abẹ́ rẹ̀: kí ni ẹni yìí fẹ́ kí n gbà gbọ́, ibo sì ni kò ti yé mi? Kò pọn dandan kí ọmọ mọ gírámà kó tó lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó yẹ kí a máa béèrè 450 ọ̀rọ̀. Ìpínrọ̀ kan tí a kọ, tí a kà, tí a tún kọ, wúlò ju odindi àròkọ mẹ́ta tí a kàn kó jọ lọ. Bí mo bá ní agbára láti pa ohun kan ṣoṣo láṣẹ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wa, òun ni pé àtúnkọ ni kí olùkọ́ máa fún ní máàkì, kó má fún àkọ́kọ́ ní nǹkan kan. Kò sí ọ̀gá télọ̀ tí yóò gba aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ rán wọ́, tí yóò ní “Fair”, tí yóò sì fún un ní aṣọ mìíràn. Yóò ní kó tú u.

Mo fẹ́ kúrò lórí kíkọ díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ lórí kíkà, nítorí pé bí àwọn ọmọ wa ṣe ń múra ìdánwò náà ń dùn mí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní TDB, Till Day Break, ìyẹn ìwé kíkà mọ́jú: wọn yóò fi ẹsẹ̀ sínú omi tútù kí oorun má baà gbé wọn, wọn yóò máa ka nóòtì kan náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, wọn yóò sì fi bírò aláwọ̀ yẹ́lò kun gbogbo ojú ewé. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington tó wà ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka àyọkà kan léraléra ní ìgbà mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á ní ìgbà kan, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á léraléra ló rántí jù. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù lórí àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ìdá 61 ló kù lórí àwọn tó ń gbé e kúrò nílẹ̀. TDB máa ń tan ọmọ jẹ nítorí pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Ìdánwò WAEC kì í ṣe ti ọjọ́ kejì nìkan, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Nítorí náà, kí a kọ́ wọn láti pa ìwé dé. Lórí àròkọ, ó rọrùn: kí ọmọ mú ìbéèrè kan láti inú past question, kó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìwo ibì kankan, kó kọ ìlapa èrò rẹ̀ nìkan, kó sì kúrò níbẹ̀. Bó bá ṣe márùn-ún bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kó yan ọ̀kan kọ ní kíkún lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀. Lórí Government, Ìtàn àti Lítíréṣọ̀, ohun tó ń pa wọ́n ni pé wọn kì í ka ìbéèrè tán. Ìbéèrè ní kí ọmọ ṣàlàyé iṣẹ́ márùn-ún tí ilé aṣòfin ń ṣe. Yóò to márùn-ún kalẹ̀, gbólóhùn kúkúrú kọ̀ọ̀kan, yóò sì na ọwọ́ pé òun fẹ́ jáde. Ó ti dárúkọ, kò ṣàlàyé. Irú ẹ̀sùn báyìí kún inú ìròyìn àwọn Chief Examiner tí WAEC ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti ń sọ àléébù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ há a fún olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó bébà nìkan ló máa ná yín.

Ọ̀rọ̀ special centre, ibi ìdánwò tí òbí ti ń sanwó kí wọ́n lè bá ọmọ ṣe màgòmágó, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òbí tó san owó kí wọ́n lè kọ àròkọ sójú pátákó fún ọmọ rẹ̀ ti san owó kí àròkọ gbọ̀ngàn kan jọra, ohun tí ẹni tó ń máàkì sì máa ń tètè rí nìyẹn. Bí ìjọba àpapọ̀ bá sì gbé ìdánwò náà lọ sórí kọ̀ǹpútà bí wọ́n ti kéde, ọwọ́ ni yóò yí padà láti bírò sí kíbọọ̀dù. Ọmọ tí kò ní ohun tó fẹ́ sọ yóò jókòó síwájú iná kọ̀ǹpútà bó ṣe ń jókòó síwájú bébà.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ ya píríọ́dù méjì tó tẹ̀ léra sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú tàìmùtébù, kó jẹ́ ti kíkọ nìkan, kí olùkọ́ má fi dá nóòtì, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti SS1, nítorí SS3 ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì jọ jókòó kí táàmù tó wọlé, kí wọ́n jọ yan àkòrí. Níbi tí ó bá sì ti ṣeé ṣe, ẹ ṣí kíláàsì kan sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn àgbà tó ń kọ GCE. Wọ́n ti kúrò lábẹ́ yín, lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ wa ni wọ́n ti jáde láìkọ àròkọ kankan tí ẹnì kan kà.

Kí ẹ tó fèsì sí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n kó ìwé àròkọ ọmọ SS3 mẹ́wàá wá sí ọ́fíìsì yín láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ka iye àròkọ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo iye tí olùkọ́ kọ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ sí lábẹ́, kí ẹ sì wo bóyá ẹyọ kan wà níbẹ̀ tí ọmọ tún kọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Olùkọ́ èdè kan ní Ìbàdàn